Ìmọ́lẹ̀ Àná Nínú Àpótí Ẹja

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo dé Èkó láti Kétu. Kí òǹkàwé má ṣì mí gbọ́: Kétu ti ilẹ̀ Dàhòmì ni mo ń wí, ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, kì í ṣe Kétu tó wà nínú Èkó. Olùkọ́ ni mí nílé. Èdè Faransé ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò àti ìwé kíkà, mo sì ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ pupa lù. Ọkọ mi kú lọ́dún tó ṣáájú. Mo fi Fọlákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Mo ṣèlérí pé n óò padà wá mú un kí ó tó wọ ilé ìwé.

Láti Kétu sí Èkó, ìrìn ọjọ́ kan ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo rò pé àárín àwọn èèyàn mi ni mò ń bọ̀. Èdè Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí mo dé Mushin, mo lọ ra epo kẹrosíìnì, obìnrin tó ń tà á gbọ́ ohùn mi, ó sì ké sí ẹnìkejì rẹ̀:

"Ẹ wá gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe ń sọ Yorùbá! Ó kúkú ń gbìyànjú."

"Yorùbá ni mí, mà," ni mo wí.

"Ẹn-ẹn, gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tilẹ̀ bu èènì sí i fún mi. Ṣùgbọ́n mo gbé ìgò epo mi lọ, mo sì rí i pé inú èdè mi gan-an ni mo ti di àlejò. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Yábàá yí ìwé ẹ̀rí mi sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó máa lè ka èyí fún wa." Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, bí ẹni tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Mo fi aṣọ wé e, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí irin mi.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, mo rí iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Surulérè. Mushin ni mò ń sùn, èmi àti obìnrin mẹ́ta mìíràn nínú yàrá kan, onílé sì ti kìlọ̀ pé òun kò fẹ́ ọmọdé níbẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mú Fọlákẹ́ wá, yàrá ni mo kọ́kọ́ nílò.

Nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ní àpótí gíláàsì kan tí ẹja ń gbé inú rẹ̀. Ó gùn tó pósí ọmọdé. N kò fẹ́ràn àfiwé yìí, ṣùgbọ́n òun ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹja kéékèèké mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àwọn kan pupa, àwọn kan lábàwọ́n dúdú. Ewéko tútù hù láàárín òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, gílóòbù méjì sì wà lábẹ́ ìdérí tó ń tàn sí wọn. Dókítà gbà pé ẹni tó bá ń wo ẹja kò ní ráyè bẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo ti lo bí ọdún méjì àtààbọ̀ ní Èkó, dókítà ń lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún kan sí i. Ó pè mí síwájú àpótí náà.

"Ìyá Fọlákẹ́, mo gbọ́ pé olùkọ́ ni ọ́ níbi tí o ti wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Á jẹ́ pé o mọ aago wò dáadáa. Ẹja ò ní wàhálà. Ewéko inú omi ló ní wàhálà. Iná ni oòrùn tiwọn. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kí o máa tàn án lójúmọ́, kó má dín, kó má lé." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "O mọ yàrá tí à ń kó páálí oògùn sí? Bí mo bá dé tí ewéko wọ̀nyí ṣì wà láàyè, tí omi sì mọ́, ìwọ ni mo fún. Kí o lọ mú ọmọ rẹ wá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé inú yàrá yẹn nínú ọkàn mi. Mo mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò wà. Mo mọ ojú fèrèsé tí Fọlákẹ́ yóò ti máa wo igi máńgòrò.

*

Ọ̀nà tí mo ń gbà bá ilé sọ̀rọ̀ nìyí. N óò ránṣẹ́ sí ìyá mi nípasẹ̀ awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà ààlà, pé kí ó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu lọ́jọ́ báyìí. Èmi náà á lọ sí ti Èbúté Mẹ́ta láti òwúrọ̀, n óò jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù á fi rí ọ̀nà gba Kútọnu kọjá. Ìgbà mìíràn wà tí mo jókòó di ọ̀sán tí mo sì padà láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan báyìí, wọ́n pè mí.

"Ṣé dáadáa ni o?" Ìyá mi máa ń pariwo sínú tẹlifóònù, bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò.

"Dáadáa ni, mà."

"O ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Fọlákẹ́ nìyí. Bá a sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ èémí. Èémí kékeré, kíákíá kíákíá.

"Fọlákẹ́, màmá rẹ ni. Ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé o ń gbọ́ràn sí Ìyá lẹ́nu?"

Èémí náà ṣáá ni. Ìyá mi gba tẹlifóònù padà.

"Ó ń mi orí," ó wí. "Gbogbo ohun tí o ń sọ, orí ló ń mì sí i. Nígbà wo lo ń bọ̀?"

"Ìyá, n kò lè wá lọ́wọ́ òfo."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ìlà tẹlifóònù já níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rìnrìn àjò rí, ẹ mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá ti Èkó dé, gbogbo agboolé ló máa ń jáde wò ó, wọn kì í sì í wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó wo ẹrù rẹ̀. Opó tó lọ ṣe agbálẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú báàgì kan. Nítorí náà, lọ́dọọdún, ní Kérésìmesì àti ní Àjíǹde, mo máa ń rán kaba kan fún Fọlákẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Mushin. Mo ní okùn tí mo fi wọn ọmọ náà lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé. N óò fi díẹ̀ lé e, ní ìfojúdíwọ̀n. N óò ká kaba náà sínú àpótí irin. Awakọ̀ yẹn ì bá gbé wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ mí títí. Mo ní rárá. Mo fẹ́ kí ọmọ mi rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó mọ̀ pé kò sọ́jọ́ tí n kò rántí òun.

*

Mo ra ìwé àjákọ kan fún iṣẹ́ àpótí ẹja. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ wákàtí tí mo tan iná àti èyí tí mo pa á sínú rẹ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́ dára. Lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ẹ̀rọ amúnáwá kan wà ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ló wà fún.

Mo fi ìṣirò tí mo ti ń kọ́ ọmọdé yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà lónìí, n óò fi wákàtí mẹ́fà lé tọ̀la. Gbogbo Èkó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: iná á dé, àwọn aládùúgbò á lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, rédíò á máa ké láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo ká aṣọ fèrèsé sókè kí oòrùn lè wọlé sí àpótí náà. Nígbà tó dé, mo tan gílóòbù méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta, tọ̀sán tòru, n kò pa á. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó pé. Inú mi dùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ọbẹ̀dò ni ìyá mi ń pe nǹkan náà, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo inú ìkòkò omi tí oòrùn bá ń pa. Mo nù ún kúrò, ó padà. Ó lẹ̀ mọ́ ara ewéko bí irun, ó bò wọ́n lójú, àwọn ewé ìsàlẹ̀ sì ń pọ́n, wọ́n ń rà. Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ ni wọn kò rí tó, nítorí náà mo fi kún un. Omi náà wá di àwọ̀ ewé pátápátá débi pé a kò rí ẹ̀yìn àpótí mọ́.

Àǹtí Rẹ̀mí, nọ́ọ̀sì àgbà, dúró níwájú rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó káwọ́ gbera.

"Ìyá Fọlákẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹ ti jinná o. Irú wo lo fi sí i?"

Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta ni ẹja àkọ́kọ́ léfòó, ikùn sókè. Ìyá kan jókòó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe, ọmọ náà nawọ́ sí ẹja náà, ó ní, "Ó ń sùn." Ìyá náà wo ẹja, ó wo ọmọ rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ dúró nínú oòrùn ìta títí wọ́n fi pè é. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ẹja mẹ́rin kú. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta.

"A máa da nǹkan yìí nù," Àǹtí Rẹ̀mí wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Ó ti ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Yàrá ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

"Oṣù kan," ó wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ fúnra rẹ lo máa dà á nù."

*

Gílóòbù kan jó lọ́jọ́ kejì, òun ló gbé mi dé Pápá Àjàó, sí ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ràímì tó ń tún nǹkan iná ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti dàgbà, apá rẹ̀ gùn, ahọ́n rẹ̀ mú. Ó wo gílóòbù náà, ó wò mí.

"Ẹ̀yin Àgànyìn, ẹ kì í pa iná ni? Kí lẹ ń ṣe tí gílóòbù fi dúdú báyìí?"

Mo ṣàlàyé. Mo tilẹ̀ ṣí ìwé mi, mo fi ìṣirò mi hàn án. Ó ka ojú ewé kan, ó ka èkejì, ó wá pa ìwé náà dé wẹ́rẹ́.

"Àǹtí, ìwé yín mọ́ o. N ò ní purọ́. Àmọ́ kí ni mo rí yìí? Ẹ ń san wákàtí padà fún ewé?"

"Iná tí wọn kò rí lánàá ni, sà."

"N ò mọ̀ nípa ẹja. Ewé tábà ni bàbá mi ń gbìn. Tí ewé tábà bá ṣì wà ní kékeré, abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ló ń gbé, oòrùn á máa yọ́ wọlé bá a díẹ̀díẹ̀. Nígbà kan òjò ṣú fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí oòrùn yọ, èmi ọlọ́gbọ́n, mo ká gbogbo imọ̀ kúrò kí wọ́n lè rí oòrùn tó tí wọ́n pàdánù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ti jó. Èpò nìkan ló yọ̀ mọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́. "Bàbá mi na mí, ó wá sọ pé: ohun tó ń dàgbà kì í jẹ oúnjẹ àná. Tòní nìkan ló lè jẹ. Bí o bá kó tàná dà sílẹ̀ fún un, ohun tí o kò gbìn ni yóò wá jẹ ẹ́."

Ó fún mi ní gílóòbù kan, kò fún mi ní méjì. "Ọ̀kan tó. Ẹ fi igi gbé ìdérí yẹn sókè kí iná jìnnà sí omi. Ẹ fi páálí dí ojú fèrèsé. Wákàtí mẹ́jọ. Bí iná bá lọ, ó ti lọ nìyẹn."

Mo ṣe bó ṣe wí. Mo fi abẹ̀ẹ́fẹ́lẹ́ ha gíláàsì, mo fọwọ́ yọ ọbẹ̀dò kúrò lára ewé kọ̀ọ̀kan, mo ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, mo sì dín oúnjẹ ẹja kù. Ohun tó ṣòro jù ni kí n máa wo òkùnkùn láìsan án padà. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ ní agogo kan ọ̀sán, tó sì dé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì. Àsìkò pípa rẹ̀ ti tó. Mo kọ sínú ìwé pé "wákàtí mẹ́rin", mo sì lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, bí mo ṣe ń nu ilẹ̀, mo rí i pé mo lè rí ògiri ẹ̀yìn àpótí gba inú omi. Àárín ewéko kan tí mo ti rò pé ó ti kú, ewé tuntun kan yọ, kò ju èékánná lọ, ìfófòó afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sì tò sí etí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè pè wá wò ó ni Àǹtí Rẹ̀mí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó.

"Àgànyìn yìí," ó wí jẹ́jẹ́, "o ṣe é."

Ẹja mẹ́rin péré ló kù nínú mọ́kànlá.

Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí ohun kan nípa ewéko inú omi. Bí a bá fa èyí tó ti ta gbòǹgbò tu, tí a gbìn ín sínú omi mìíràn, kódà bí omi náà bá dára, yóò kọ́kọ́ wọ́ gbogbo ewé tó gbé wá. Kò kú, ó ń pa ti ibi tó ti wá tì ni. Mo máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni tèmi. N kò kíyè sí i pé mo fi gbòǹgbò kan sílẹ̀ ní Kétu, pé òun náà ti ń hu ewé tirẹ̀ láìsí mi.

*

Dókítà dé. Ó wo àpótí náà, ó ka ẹja, kò bi mí léèrè àwọn tó kù. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé mi lọ́wọ́, ó fún mi láàyè ọjọ́ mẹ́rin. Mo kun yàrá náà ní funfun. Mo ra bẹ́ẹ̀dì kékeré. Lẹ́yìn náà mo gbé àpótí irin mi, kaba méje nínú rẹ̀, mo gba ọ̀nà Kétu. Ó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ tí mo ti kúrò.

Agboolé jáde, bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n á jáde. Wọ́n yin àpótí mi. Ọmọbìnrin gíga kan dúró sẹ́yìn ìyá mi, ó di aṣọ rẹ̀ mú. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

Mo ṣí àpótí náà lójú gbogbo wọn. Mo tẹ́ kaba méjèèje sórí ẹní, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tí mo kọ́kọ́ rán: aláwọ̀ òféfèé, aláwọ̀ ìyeyè, èyí tó ní léèsì lọ́rùn. Àkọ́kọ́ kò ju apá mi lọ. Fọlákẹ́ wò wọ́n, ó wo ìyá mi.

"Ìyá," ó sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ọmọ ta ni wọ́n rán wọn fún?"

Ìyá mi mú kaba tó kẹ́yìn, ó wọ̀ ọ́ fún un. Òun nìkan ló gbà á, ó sì há a lábíyá.

Mo lo ọjọ́ kejì láti máa bá a ṣeré. Mo lo ìyókù láti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ sí Èkó. Lówùúrọ̀ tí mo ń padà, ó di òpó ilé mú, kò sunkún, ó kàn ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà." Ìyá mi mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fi í sílẹ̀," ó wí. "Ìwọ kọ́ ló ń kọ̀. Kò mọ̀ ọ́ ni."

"Ìyá, gbogbo ohun tí mo ṣe, nítorí rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ìwọ ló yẹ kó mọ̀ pé ọmọ náà kò rí i."

Èmi nìkan ni mo padà sí Surulérè. Mo gbé nínú yàrá funfun yẹn fún ọdún mẹ́fà. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì ti di olùkọ́ padà nígbẹ̀yìn, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Faransé ní Yábàá títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi. Fọlákẹ́ dàgbà ní Kétu, ó lọ́kọ, ó bímọ. Mo ń lọ lóṣooṣù lẹ́yìn ìgbà náà, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ó ń tọ́jú mi, ó ń se oúnjẹ fún mi, ó sì ń pè mí ní mà. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, ó sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò mọ ibi tí ó yẹ kí n gbé ọwọ́ mi sí.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ nílé tí ẹ wà lájò, n kò kọ èyí láti bá yín wí. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí agboolé rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì ní kaba kan ṣoṣo, mo bẹ̀ yín, ẹ fi rán awakọ̀ lọ́la, nígbà tí ó ṣì bá ọmọ náà mu.